Rọ́bà Orí Hẹlikópítà

Nígbà tí atúnnǹkanṣe kan wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ nà án pé ó ba hẹlikópítà ìṣeré òun jẹ́. Ọmọ náà búra pé òun kọ́, ó sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Lónìí, ó ń tú orí hẹlikópítà ìṣeré mìíràn tí bàbá rẹ̀ gbé wá. Àwọn rọ́bà kéékèèké tí kì í jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n ti wú, wọ́n ń yọ̀ bí ìgbín, wọ́n ń rùn. Ó tutọ́ sílẹ̀.

“Bàbá, ta ló kó ẹ̀gbin yìí síbẹ̀? Gíríìsì sílíkóònù nìkan ni wọ́n ń fi pa rọ́bà yìí, ọ̀rá mìíràn ń mú un wú!”

“Fasilíìnì mi ni. Ṣebí ọ̀rá náà ni gbogbo ẹ̀?”

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń fi í pa á?”

Bàbá wolẹ̀. “Látorí ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sì mọ̀ kí n tó nà ọ́.”