Ládé, Ẹni Tó Ń Fipá Mú Ẹ̀rọ

Ìgbéraga ni àrùn Ládé. Bí ẹnikẹ́ni bá kìlọ̀ fún un, èébú ló máa kà á sí, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà ló kìlọ̀.

Ní ọdún 2005, òun àti Ẹkúndayọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì Alhaja Ajarat, ní Ìkòsí, ní Kétu. Debian, irú Linux kan, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni Ẹkúndayọ̀ fi sí gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Tó bá fẹ́ fi ètò tuntun kan sí i, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa tẹ̀; ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ wá àwọn ètò mìíràn tí ìyẹn gbára lé láti inú àwọn síídì Ẹkúndayọ̀. Fedora, irú Linux mìíràn, ni Ládé mọ̀ ní tirẹ̀. Fedora náà ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, ṣùgbọ́n bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, ìyẹn àwọn ètò tó máa wọnú ẹ̀rọ, kò bá ti Debian mu. Ládé ní Linux ni gbogbo wọn. Á gbé ẹrù Fedora wọ Debian, bí ẹ̀rọ bá sì ní ohun kan kò pé, á pàṣẹ pé kó gbà á tipátipá.

"Ládé, àwọn ẹ̀rọ yìí máa dojú rú lọ́jọ́ kan," ni Ẹkúndayọ̀ wí.

"Ìwọ lo máa dojú rú. Síídì nìkan lo mọ̀, bí àwọn tó ń kiri fíìmù ní Ojota."

Ládé lọ sọ fún Alhaja pé àwọn síídì Ẹkúndayọ̀ ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù. Alhaja lé Ẹkúndayọ̀. Kó tó kúrò níbẹ̀, Ládé dá àwọn síídì náà sí méjì-méjì lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dà wọ́n sí gọ́tà.

Lásìkò náà, Bridget, àbúrò Ládé, fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ládé ní kó má wulẹ̀ lọ jìyà lórí ìlà níbòmíràn, kó dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn, òun á ṣe é fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó bá gbé ẹrù Fedora kan wọ gbogbo wọn. Ẹ̀rọ kìlọ̀ pé èyí máa pa ohun tí gbogbo ètò yòókù dúró lé rẹ́. Ó fipá mú un. Ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ṣú, kò sì sí èyí tó tún ṣí.

Alhaja ránṣẹ́ sí Ẹkúndayọ̀. Ó dé, ó ní àwọn síídì òun lè tún wọn ṣe kíá, ó sì béèrè ibi tí wọ́n wà. Ládé wo ọ̀nà gọ́tà. Kí wọ́n tó rí òmíràn, ìforúkọsílẹ̀ á ti parí, gbogbo kafé tó kù ní Kétu sì ti kún fọ́fọ́.

Alhaja kò lu Ládé. Ó ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó máa sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wá tò sórí ìlà láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà pé òun ló ba ọdún rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bridget ló kẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èwo ni tèmi nínú àwọn kọ̀ǹpútà yìí?"

Ládé bojú wẹ̀yìn wo Alhaja.

"Sọ fún òun náà," ni Alhaja wí.

Ó sọ ọ́. Bridget tutọ́ bíi ti àwọn yòókù, ó sì lọ. Ìgbà yẹn ni Alhaja tó lé Ládé.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé Debian kò burú, Fedora kò sì burú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Ìkìlọ̀ kì í ṣe èébú. Ẹni tó bá ń pa ẹni tó ń kìlọ̀ lẹ́nu mọ́, tó tún ba irinṣẹ́ àtúnṣe jẹ́, kò lè mọ ẹni tirẹ̀ tó máa wà lórí ìlà lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú.