Àpò x àti Àpò y

Mo fi irùngbọ̀n mi búra, ìtàn yìí kò ní gùn: tíì tó wà lọ́wọ́ yín kò ní tutù kí n tó parí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Mehrangez wá sọ́dọ̀ Bàbá Sharofiddin, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Isfara. Ó mú búrẹ́dì gbígbóná dání. Bàbá ní kó sọ 3x + 2y + x di kúkúrú. Ó kọ 6xy.

Bàbá ju bírò sáàárín àwọn adìẹ inú àgbàlá.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yìí?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Olùkọ́ ìṣirò wa ti lọ sí Rọ́ṣíà, ó ń po símẹ́ńtì.”

“Ọ̀gá ilé ìwé yín ńkọ́?”

“Ó ní kí n ṣáà máa gbìyànjú. Orin ni mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ọlọ́run á mú ọkùnrin yẹn!” Bàbá wọ́ àwọn àpò ásálà jáde. “Wò ó. Àpò x mẹ́ta, iye kan náà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò y méjì, iye tiwọn lè yàtọ̀. Mo tún gbé x kan wá. X ti di mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Y ńkọ́?”

“Méjì. Gbogbo ẹ̀ wá di mẹ́fà.”

“Mẹ́fà wo, olódo? Ṣé o mọ iye tó wà nínú wọn ni?”

“Ẹ jẹ́ ká tú wọn, ká kà á.”

Bàbá fò dìde. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. “Ẹ rọra o, baálé mi! Ẹ̀jẹ̀ yín á ru!”

“Kò sóhun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ mi! Ọmọ yìí ló ń ṣe mí!”

Mehrangez bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú. “Ẹ máa bú mi! Bí mo bá ṣì í lọ́la, wọ́n á lé mi kúrò nílé ìwé. Ìyá mi ti ní kí n wá jókòó ti ààrò búrẹ́dì. Ṣé èmi ni mo rán olùkọ́ yẹn lọ sí Rọ́ṣíà ni?”

Bàbá bu tíì fún un. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn adìẹ ń wọlé sùn, Mehrangez kọ 4x + 2y, ó sì dá ọwọ́ dúró.

“Bí wọ́n bá wá bi mí pé mélòó ni x gan-an ńkọ́?”

“Sọ pé a ò tíì mọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Fajú ro.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọ kíláàsì keje, tí gbogbo wọn dìde fìrì láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí Mehrangez wọlé, tí wọ́n fọwọ́ lé àyà láti kí i, tí wọ́n sì ké pé, “Ẹ káàárọ̀, olùkọ́ ìṣirò wa!”