Ẹni Tó Wa Rélùwéè Lọ́ọ̀dù

"Irọ́ gbuu!" Awakọ̀ àtijọ́ náà ju ìwé ìtàn náà sórí àga nínú fúláàtì rẹ̀ ní Peckham. Ogún ọdún ló fi wa rélùwéè kékeré tí Lọ́ọ̀dù fi ń gbé àlejò yí ọgbà rẹ̀ ká.

"Wọ́n ní Lọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń wà á, Grandpa," ni Yusrah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wí.

"Èyí tí kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí fèrè! Kọ̀wé sí wọn. Kí wọ́n fi orúkọ mi rọ́pò tirẹ̀ níbi gbogbo."

Yusrah ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kó àlejò méjìlá wọ adágún odò ńkọ́?"

Bàbá wúkọ́.

"Dúró ná. Lọ́ọ̀dù náà kúkú máa ń wà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."