Ẹ Ta Balógun Yẹn!

"Ẹ ta á! Ẹ ta arúgbó yẹn dànù!"

Ẹ̀gbọ́n tó ti wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú basement, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ní àdúgbò Copperfield. Balógun kílọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ràn ní England ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá àwọ̀n tó ṣófo ni.

Inú kọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wọn dùn ṣìnkìn. Àtàná ló ti ń wá ẹnu tí yóò fi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kò ní sí lára àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú Chestermere lọ́sàn-án yìí. Ẹ̀gbọ́n ló ṣáà fún un ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ nínú basement yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, captain ni o. Ó ti pẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé pípẹ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Ẹ gbé ọmọ tuntun tẹ́ ẹ rà yẹn wọlé! Kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá mi, màá tà á!"

Kọ́ọ̀ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rọ́ọ̀gì. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ jẹ́sì yẹn fún Tádé. Òun ló ń wọlé lónìí."

Tádé, ọmọ tuntun inú ẹgbẹ́ wọn, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo orúnkún ara rẹ̀. Ó rọra bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a dáadáa, ó sì jù ú sí Tádé.

"O káre, kọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ lo sọ." Ó yíjú padà. "Tádé, ṣé o ṣì ń wá yàrá? Kó ẹrù ẹ wá lọ́la. Mo ti ta kọ́ọ̀ṣì."