Ojú Ìwé Tí Kò Ní Ìfagilé

Àwo keje ni òǹkọ̀wé kan ń tú nínú ẹrù ìyá ìyàwó rẹ̀, bébà funfun lásán ló tún bá lára rẹ̀. Láti ọdún 1986 títí di 1995 yìí ló ti ń fọwọ́ kọ ìtàn ayé òpìtàn ará Scotland kan, kò sì ní ẹ̀dà kankan.

"Màmá, ẹ dákun, ìwé orí tábìlì mi ńkọ́?"

Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń padà s'Íbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dáwọ́ dúró. "Bàbá Adétutù, bébà tó mọ́ ni mo fi wé àwo. Èyí tí ẹ fagi lé, mo ti kó o dànù. Ta ní í tọ́jú iṣẹ́ tí wọ́n ti fagi lé?"

"Àtúnṣe ni mo ń ṣe, Màmá."

Ó sáré jáde. Ní gbogbo òpópó wọn l'Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akólẹ̀ ti kọjá, agolo ìdọ̀tí ti ṣófo.

Nígbà tó wọlé, Màmá na bébà kan sí i. "Ẹyọ kan yìí ni kò ní ìfagilé."

Ojú ìwé náà ló ti kọ ọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣèèṣì fi ìwé òpìtàn náà dáná, tí òpìtàn sì tún un kọ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ń tú àwo tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ ra bébà funfun wọn kí wọ́n lè nà, ó sì ń tò wọ́n sórí tábìlì.