Ilé Ayò Kẹta

“Òpè, ta tìẹ!” Bàbá Ṣàfíù ń jágbe mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni pé èèyàn ni.

Ẹnjiníà tó ni ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. Òkè òkun ló ti gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà bọ̀ wá sí Ìkòtún, ó sì fi ìwé tí olóògbé bàbá rẹ̀ ń kọ gbogbo ayò rẹ̀ sí kọ́ ọ ní títa. Iná mẹ́fà ló wà lójú ẹ̀rọ; ilé tí iná rẹ̀ bá tàn ni ẹnjiníà máa ń bá a ta.

Iná kẹta tàn.

“Odù tó ti ń kó ọmọ jọ sí, tó yẹ kó tọ́jú! Bàbá mi ò ta irú èyí rí. Ẹ̀rọ yìí ti ṣìnà.”

“Kò ṣìnà, jàre. Ta á fún un.” Ojú Bàbá Ṣàfíù ò kúrò lórí ọpọ́n. “Bí bàbá rẹ ṣe pa mí nìyẹn lábẹ́ igi ìyeyè lọ́nà Ìjẹ̀gùn, ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kó ọmọ mẹ́jọ, ó wá ń fi mí ṣẹ̀sín, ni mo bá…”



Ẹnjiníà ta á. Ọmọ mẹ́jọ ló kó.

“Bàbá, èyí nìkan ni kò ráyè kọ sínú ìwé. Abẹ́ igi ìyeyè yẹn la ti bá òkú rẹ̀. Ẹ sì ní ẹ ò fojú kàn án lọ́jọ́ náà.”

Iná kẹta ti kú. Ẹ̀rọ ń retí kí Bàbá Ṣàfíù ta tiẹ̀.