Ọjọ́ Mẹ́rin Dhansara

Fóònù Dhansara gbọ̀n nínú ọ̀já tó fi di ìbàdí. Ọjọ́ ti pé.

Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó jáde nílé ìdáná.

"Màmá, nǹkan oṣù mi ti dé."

Ìyá ọkọ rẹ̀ pòṣé. "Àsìkò ìkórè ni tìẹ mọ̀ ọ́n dé. Orí ẹ ti hewú tán, kò ì tíì fi ẹ́ sílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Gba ẹ̀yìn lọ. Má fọwọ́ kan omi mi."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, Dhansara ò ní dáná, kò ní pọnmi. Ní Achham, ní ilẹ̀ Nepal, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí omi ilé.

Ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí ẹní nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń dáná nílé yìí.

Ó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣí fóònù, ó gbé e sétí. Kò mọ̀wé, áàpù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sí i ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé nǹkan oṣù rẹ dé lónìí?"

Fóònù yìí nìkan ni kì í purọ́ fún. Ó tẹ àmì pupa tó dúró fún "Rárá".

"Oṣù kẹrìnlá nìyí tí o ti rí i gbẹ̀yìn. Ṣé kí n ṣì máa rán ọ létí lóṣooṣù?"

Ó tẹ àmì aláwọ̀ ewé fún "Bẹ́ẹ̀ ni", ó yíjú sógiri, ó sùn.